Arán Kọ́, Ìrànrán Ni

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀ jàre, arán ni wọ́n ń ṣe.”

Bí gbólóhùn yìí ṣe kúrú tó, ó lè pààyàn. Ẹni tó ń sọ ọ́ kì í ṣe ìkà. Ọmọ ni, tàbí ìyàwó ilé, tàbí aládùúgbò tó dúró lẹ́nu ọ̀nà ní kùtùkùtù, tó rí ìyá àgbà lórí ẹní, tí ìyá ń bá ẹni tí kò sí nínú yàrá sọ̀rọ̀. Àánú ló ṣe é tó fi ní kí wọ́n má da ìyá láàmú. Ọ̀rọ̀ tó mú lò ni kò bá ohun tó rí mu.

Ọ̀rọ̀ méjì ni èdè wa fi sílẹ̀ fún wa níbí. Arán ni ọ̀kan, ìrànrán ni èkejì. Bí ènìyàn bá ń yára sọ̀rọ̀, yóò dà bí ẹni pé èkejì kàn jẹ́ àsọtúnsọ èkíní. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọdún gbọọrọ ló ń kó arán wọlé; òru kan tó fún ìrànrán. Ẹni tó ń ṣarán nílò sùúrù, ẹni tó ń rànrán nílò ọkọ̀.

Igbó Ìdáàṣà ni mo fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ méjèèjì lọ, ní àárín ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, níbi tí àwọn òkè olókùúta ti yọrí lójijì láti inú pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí orí àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ lódò. Òkè mọ́kànlélógójì ni àwọn ará ibẹ̀ ń kà. Ojú ọ̀nà tó ti Cotonou lọ sí Parakou ni ìlú náà wà, ó tó nǹkan bí igba kìlómítà sí Cotonou. Dassa-Zoumè ni ìwé ìjọba ń pè é, orúkọ tó gba ẹnu Fọn kọjá: zun ni igbó lọ́dọ̀ wọn, mɛ sì ni inú. Ọmọ Ìdáàṣà tó bá ṣàìsàn níbẹ̀ máa ń gba inú èdè mẹ́ta kọjá kó tó dé orí bẹ́ẹ̀dì. Nílé, èdè Ìdáàṣà, ẹ̀ka Yorùbá tiwọn, ni wọ́n á fi sọ ohun tó ṣe é. Ọlọ́kadà tó gbé e, tí wọ́n ń pè ní zémidjan níbẹ̀, lè jẹ́ Fọn tàbí Màhì. Faransé ni nọ́ọ̀sì á fi kọ ọ́ sínú ìwé. Bí orúkọ àkọ́kọ́ bá ti ṣì, àṣìṣe yẹn á bá a gun alùpùpù, á bá a wọ ọ̀dọ̀ dókítà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gbà pé ẹnu ọ̀nà ilé ni àyẹ̀wò ti ń bẹ̀rẹ̀, lórí ahọ́n ẹni tó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Ẹ jẹ́ ká gbọ́ arán dáadáa. Ohùn àárín, lẹ́yìn náà ohùn òkè. Bí o bá fa ìparí rẹ̀ wálẹ̀, aràn tó ń gbé inú ọmọdé lo pè. Bí o bá fa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, àrán tí wọ́n fi ń rán fìlà ọlọ́lá lo pè. Ọ̀rọ̀ orúkọ ni arán, kì í sì í dá rìn. Ó ń fẹ́ “ṣe” lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: ṣe arán, ṣarán. À ń ṣe é bí a ti ń ṣe àgbà, bí a ti ń ṣe iṣẹ́ tó ti mọ́ni lára. Ìyá tó ń ṣarán á fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Á fi orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ti kú pe ọmọ-ọmọ rẹ̀. Ìtàn kan náà ni yóò sọ láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là kedere, ó sì ń bá tìrẹ pàdé. Bó ṣe rí lóṣù tó kọjá ló ṣe rí lónìí, bí ó bá tilẹ̀ fi díẹ̀ burú sí i. Ilé ti mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ti ń kó iyọ̀ kúrò nítòsí rẹ̀.

Rànrán kì í bẹ “ṣe” lọ́wẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìṣe ni fúnra rẹ̀: ó ń rànrán. Ní etí tèmi, ràn tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ń pe àwọn ràn mìíràn tí a ní: iná ràn, oòrùn ràn, àrùn ràn. Etí ló so wọ́n pọ̀, mi ò ní kí ẹnikẹ́ni fi ṣe ẹ̀rí nínú ìwé atúmọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ti rí i rí mọ̀ pé bí iná ṣe ń ràn mọ́ koríko ìgbà ọyẹ́ ló ṣe ń rí. Lálẹ́ àná, kò sí. Láàárọ̀ yìí, ó ti gba gbogbo yàrá.

Ooru ara àti ìrànrán kì í sì í ṣe àjèjì síra wọn ní ilẹ̀ yìí. Ìtàn Àbọ̀mẹ̀ sọ pé láti apá Ìdáàṣà ni òrìṣà tí àwọn Fọn ń pè ní Sakpata ti wọ Dànhọ̀mẹ̀, láyé ọba Agaja, ní ọgọ́rùn-ún ọdún kejìdínlógún. Ṣànpọ̀nná tiwa náà ni. Ìgbóná ni àwọn àgbà ń pe àìsàn rẹ̀, kí wọ́n má bàa la orúkọ mọ́lẹ̀. Nígbà tí àrùn náà ṣì wà, ẹni tí ìgbóná bá mú, ara rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná janjan fún ọjọ́ mélòó kan kí nǹkan tó sú sí i lára, nínú ooru yẹn ló sì lè máa rànrán. Ọjọ́ kẹjọ oṣù karùn-ún ọdún 1980 ni ìpàdé Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé àrùn náà ti kúrò láyé. Ohun tí àwọn tó tọ́jú rẹ̀ mọ̀ nígbà náà ṣì wúlò: ìrànrán kì í ṣe ìwà aláìsàn. Ohun kan ló wọlé, ohun náà ló sì yẹ kí a máa wá.

Nígbà tí nọ́ọ̀sì bá kọ “délire” sínú ìwé rẹ̀, ọ̀rọ̀ oko ló kọ. Lira lédè Látìnì ni ilà tí àgbẹ̀ là sórí ilẹ̀. De lira, kúrò lórí ilà. Àwọn ará Róòmù ìgbàanì wo màlúù tó yà kúrò lójú aporo tó ń tú, wọ́n sì fi ṣe orúkọ fún ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ yà. Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yìí gan-an, torí kò sí ẹni tí kò ní yé ní Ìdáàṣà, ilẹ̀ ebè iṣu. Àgbẹ̀ tó bá dé oko tó rí i pé aporo yà kì í dúró máa sọ pé aporo yìí ti gbó. Yóò tẹ̀lé e padà sẹ́yìn títí dé ibi tó ti yà. Ibẹ̀ ni yóò ti bá òkúta, tàbí gbòǹgbò.

Láti ìgbà wo? Nínú gbogbo ohun tí ilé ìwòsàn máa béèrè, kò sí èyí tó tó ìbéèrè yìí, kò sì sí ẹ̀rọ kan tó lè dáhùn rẹ̀. Dókítà kò rí ìyá rí. Kò mọ̀ bóyá ó ti máa ń pe àwọn òkú lórúkọ láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, tàbí bóyá lánàá òde yìí ló ka owó ọjà tí kò sì ṣì í kà. Ìyàwó ilé ló mọ̀. Ọmọ-ọmọ tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló mọ̀. Bí wọ́n bá sọ pé arán ni, ìbéèrè ti tán nìyẹn, torí arán kò ní ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 1990, dókítà ará Amẹ́ríkà kan, Sharon Inouye, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde tí dókítà tí kì í ṣe oníṣègùn ọpọlọ lè fi dá ìrànrán mọ̀. Ohun mẹ́rin ló ń wò. Ṣé lójijì ló dé, tó sì ń lọ tó ń bọ̀? Ṣé aláìsàn lè gbájú mọ́ nǹkan? Méjì yìí gbọ́dọ̀ wà. Lẹ́yìn wọn, kí ọ̀kan nínú méjì tó kù wà: ọ̀rọ̀ tí kò so kọ́ra, tàbí ojú tí kò là bó ṣe yẹ, yálà ó ń tòògbé láàárín ọ̀rọ̀ tàbí ó ń ta gìrì sí gbogbo ìró. Àwa ti ní ìdajì rẹ̀ nínú èdè wa tẹ́lẹ̀. Ohun tí a kò kíyè sí tó ni lílọ-bíbọ̀ yẹn.

Lílọ-bíbọ̀ yìí ló ń tan ilé jẹ jù. Lóru, ìyá ń lé ewúrẹ́ tí kò sí, ó ń fa aṣọ ìbora ya. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó kí gbogbo ènìyàn, ó béèrè omi, ó sì mọ orúkọ gbogbo wọn. Ilé á mí kanlẹ̀. Àwọn kan á ní ẹ̀mí òkùnkùn ni, ó ti bá òru lọ. Àwọn mìíràn á tilẹ̀ ní ó ń díbọ́n. Kí oòrùn tó wọ̀, ó ti tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ojú rẹ̀ wálẹ̀ fún wákàtí méjì kò tíì bọ́. Àárọ̀ tó mọ́ yẹn gan-an ló fi hàn pé arán kọ́, torí arán kì í sábà lọ ṣe ìsinmi.

Láti mọ̀ bóyá ènìyàn lè gbájú mọ́ nǹkan, àwọn dókítà máa ń ní kó ka oṣù ọdún sẹ́yìn, bẹ̀rẹ̀ láti December. Ìyá tí kò lọ ilé ìwé Faransé lè má rí èyí ṣe nígbà tí ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ohun tó ń ṣe lójoojúmọ́ ló yẹ kí a bi í. Ọjà Glazoué, ìlú tó múlé gbe Ìdáàṣà, Ọjọ́rú ni wọ́n ń ná an. “Màmá, ṣé ọjà Glazoué ti kọjá lọ́sẹ̀ yìí, àbí ó ṣì ń bọ̀?” Obìnrin tó ti fi ọjà yẹn ka ọ̀sẹ̀ rẹ̀ láti ìgbà èwe kò gbọdọ̀ wá èsì rẹ̀ tì. Tàbí kó ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ sẹ́yìn láti Ọjọ́ Àìkú.

Tàbí kó kà láti ogún wálẹ̀. Ẹ gbọ́ bó ṣe ń dún lédè wa: ogún, ọ̀kàndínlógún, méjìdínlógún, mẹ́tàdínlógún, mẹ́rìndínlógún, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Nítorí pé láti inú ogún la ti ń yọ, bí iye ṣe ń relẹ̀ ni ẹnu ń gòkè: ọ̀kan, méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, àrún. Tó bá wá di mẹ́rìnlá, gbogbo rẹ̀ yí padà. Ẹnu gbọ́dọ̀ ṣẹ́rí, kó máa sọ̀ kalẹ̀: mẹ́rìnlá, mẹ́tàlá, méjìlá, mọ́kànlá. Ní ìkòríta yẹn, ẹni tí iyè rẹ̀ pé yóò dákẹ́ díẹ̀, yóò sì ṣẹ́rí. Ẹni tí ìrànrán mú lè má lè ṣẹ́rí. Ó lè padà sí ogún, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn. Ìkòríta yìí kì í ṣe ohun tí mo rí nínú ìdánwò ilé ìwòsàn kankan. Èmi ni mo gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nínú ìkà wa, mo sì rò pé ó yẹ kí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn láàárín Yorùbá gbọ́ ọ.

Àmọ́ o, ọ̀rọ̀ ìrànrán fúnra rẹ̀ ní ibi tó kù sí. Ẹnu ló ń wò. Ó ń fẹ́ kí aláìsàn pariwo, kó sọ kántankàntan, kó tó gba orúkọ náà. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú lójijì, pàápàá àwọn àgbà, kì í sọ nǹkan kan. Wọ́n á kọjú sí ògiri. Wọn kò jẹun, wọn kò béèrè ẹnikẹ́ni, wọ́n á fi gbogbo ọ̀sán sùn. Ilé á máa rìn jẹ́jẹ́ kí wọ́n má bàa jí wọn: “Ó rẹ̀ wọ́n ni, ẹ jẹ́ kí wọ́n sinmi.” Irú èyí ló ń sá mọ́ dókítà pàápàá lójú jù lọ, bẹ́ẹ̀ ewu rẹ̀ kò kéré sí ti ẹni tó ń pariwo. Bí mo bá láṣẹ lórí èdè, èmi ì bá sọ pé ìrànrán alóhùn wà, ìrànrán aláìlóhùn sì wà, kí ìyá tó dákẹ́ lójijì lè rí ọkọ̀ wọ̀ bí ìyá tó ń pariwo.

Iye tí àwọn dókítà ń kọ náà ti ṣi ènìyàn lọ́nà rí. Ní ọdún 1974, Graham Teasdale àti Bryan Jennett ní Glasgow gbé òṣùwọ̀n kan jáde fún ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́. Bí wọ́n ṣe ń lò ó lónìí, ojú lílà gba mẹ́rin, ọ̀rọ̀ gba márùn-ún, ìṣípò ara gba mẹ́fà. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 15. Ẹni tó la ojú rẹ̀, tó ń ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn dàrú, máàkì kan péré ló máa pàdánù. 14 nínú 15! Nílé ìwé, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Ní bẹ́ẹ̀dì àìsàn, máàkì kan tó sọnù yẹn lè jẹ́ ìyá fúnra rẹ̀. Ní oṣù December ọdún 2017, ilé ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn ní London, Royal College of Physicians, tún òṣùwọ̀n tí wọ́n fi ń ṣọ́ àwọn aláìsàn ṣe, wọ́n sì fi ohun tuntun kan kún un: ìdàrú ọpọlọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Máàkì mẹ́ta ni wọ́n fún un, èyí tó ga jù tí ohun kan ṣoṣo lè gbà níbẹ̀, bí ti ẹni tó ń mí ní ìgbà 25 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ìṣẹ́jú kan. “Tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé” ni ọ̀rọ̀ tó wúwo jù níbẹ̀. Ó fẹ́ kí ẹnìkan ti mọ ìyá tẹ́lẹ̀.

Kí wá ni nọ́ọ̀sì ní ẹsẹ̀ òkè máa ṣe nígbà tí wọ́n bá gbé ìyá dé? Mímí àti ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ máa wò: bí ó ṣe ń yára mí, bí afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣe tó lórí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń há ìka, bí ìfúnpá rẹ̀ ṣe rí. Kí ẹnikẹ́ni tó rò ó jìnnà, yóò gún un ní ìka, yóò wo ṣúgà. Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí ẹ̀kán ẹ̀jẹ̀ yìí. Nínú gbogbo ohun tó ń fa ìrànrán, ṣúgà tó lọ sílẹ̀ ni ó rọrùn jù láti rí, òun ló sì lè yára pa ọpọlọ tí ẹnikẹ́ni kò bá rí i. Bí ẹ̀rọ bá ti ka iye tó wà lábẹ́ 0,70 g/l, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ ní Bẹ̀nẹ̀, ó ti lọ sílẹ̀ jù. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ, tó lo oògùn rẹ̀ láàárọ̀ tí kò sì jẹun, lè bá ara rẹ̀ níbẹ̀. Ibà tó le fúnra rẹ̀ ń jẹ ṣúgà, kuiníìnì tí wọ́n máa ń fi wò ó nígbà mìíràn sì tún lè fà á wálẹ̀ sí i. Ìṣẹ́jú péré ni ṣúgà tí wọ́n fà sínú iṣan fi ń ṣiṣẹ́. Mi ò mọ ohun mìíràn nínú ìṣègùn tó ń dá ènìyàn padà fún àwọn ẹbí rẹ̀ kíákíá tó bẹ́ẹ̀. Nílé, bí ìyá bá jí dáadáa tó sì lè gbé nǹkan mì, ẹ fún un ní omi ṣúgà tàbí oyin kí ẹ tó gbéra. Bí ó bá ń tòògbé, ẹ má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ dà á sí ẹ̀gbẹ́ kan kó lè máa mí.

Lẹ́yìn ṣúgà ni ibà, tí gbogbo ènìyàn níbẹ̀ ń pè ní palu. Palu tó bá gun orí lè pa ọmọdé láàárín ọjọ́ kan, abẹ́rẹ́ artesunate sì ni ohun tí wọ́n máa fà fún un láìjáfara. Ṣùgbọ́n ìdẹkùn kan wà níbí fún àwọn àgbà. Ní ilẹ̀ tí ẹ̀fọn kò ti ń sinmi, kòkòrò ibà lè wà nínú ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà láìjẹ́ pé òun ló fa àìsàn tọjọ́ náà. Tí àyẹ̀wò bá fi ibà hàn, kí wọ́n tọ́jú ibà, kí wọ́n má sì ṣíwọ́ wíwá. Ṣé ọrùn le? Lọ́rùnlọ́rùn ni ó yẹ kí wọ́n fura sí, oògùn rẹ̀ kì í sì í dúró de ọjọ́ kejì. Ṣé ẹnu wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, tí apá kan kò ṣeé gbé? Ó lè jẹ́ pé ọpọlọ ìyá kò dàrú rárá, ọ̀rọ̀ ló kọ̀ tí kò jáde, torí ẹ̀jẹ̀ kò dé apá ibì kan nínú orí. Ṣé ó ṣubú ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan sẹ́yìn? Ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra jò sábẹ́ agbárí àgbàlagbà láti ìgbà náà, láìsí ọgbẹ́ kankan níta. Ṣé bàbá tó máa ń mu ọtí sodabi lójoojúmọ́ ni, tí àìsàn dá dúró fún ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta? Ọtí tó ṣàdédé kúrò lára náà ń fa ìrànrán, pẹ̀lú gbígbọ̀n.

Ọmọlójú náà ń sọ̀rọ̀. Àgbègbè òwú ni àwọn òkè yìí, oògùn apakòkòrò sì ń wọlé pẹ̀lú àwọn tó ń fọ́n ọn. Ẹni tí oògùn yẹn bá mú, ọmọlójú rẹ̀ á kéré bí ojú abẹ́rẹ́, á máa làágùn, itọ́ á máa dà lẹ́nu rẹ̀. Kí wọ́n bọ́ aṣọ oko yẹn kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n fi omi àti ọṣẹ wẹ̀ ẹ́, kí wọ́n sì gbé ìgò oògùn náà tẹ̀lé e. Gbogbo oògùn mìíràn tó wà nílé ni kí wọ́n kó sínú ọ̀rá kan, títí kan èyí tí wọ́n rà lójú títì. Ní oṣù October ọdún 2009, Cotonou ni wọ́n ti ké gbàjarè tí wọ́n fi orúkọ ìlú náà pè, lòdì sí ayédèrú oògùn. Tramadol wà lára ohun tí wọ́n ń tà níta bẹ́ẹ̀, ó lè fa gìrì, ó lè mú kí orí dàrú. Ẹ má fi í pa mọ́ nítorí ìtìjú.

Ní ti àwọn àgbà, ohun tó fà á lè kéré lójú: ìtọ̀ tí kò jáde láti àná, àrùn inú ìtọ̀, ẹ̀dọ̀fóró tó ní àrùn láìsí ikọ́ púpọ̀, omi tí ara pàdánù. Ara wọn lè má gbóná rárá. Èyí ló ń mú mi ronú lórí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo ti lò lẹ́ẹ̀kan lókè láìdúró tì í. Iyè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀, ni ohun tí a fi ń rántí, tí a fi ń mọ ibi tí a wà. Oníyè ni ẹni tí kì í gbàgbé. A máa ń sọ pé iyè wa kò lọ síbẹ̀. Bí o bá fa ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ wálẹ̀, ìyè lo pè, ohun tí òkú kò ní. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín wọn. Ọpọlọ kò ju nǹkan bí ìdá kan nínú àádọ́ta ìwúwo ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń lo bí ìdá kan nínú márùn-ún afẹ́fẹ́ tí ara ń fà. Kì í fi í pamọ́ sí ibì kankan. Bí afẹ́fẹ́, ṣúgà, omi tàbí ẹ̀jẹ̀ bá ti fẹ́ tán, òun ló máa ń kọ́kọ́ ké, pàápàá lára ẹni tó ti dàgbà. Iyè ń ké nítorí ìyè, àwa tó wà lẹ́nu ọ̀nà sì ń ní arán ni.

Ẹni tó bá ti ń ṣarán tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Òun ni ìrànrán ń tètè mú jù. Ilé á ní kò sí ohun tuntun níbẹ̀, nígbà tó jẹ́ pé àwọn nìkan ló lè sọ pé òní yàtọ̀: lánàá wọ́n gbàgbé orúkọ mi, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ọmọ ni mí, lónìí wọ́n ń sá fún mi.

Ní oṣù August, nígbà àjọ̀dún Ìgbàsọ́run Màríà, ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Kátólíìkì máa ń wá sí ihò òkúta Notre-Dame d'Arigbo ní Ìdáàṣà, láti gbogbo Bẹ̀nẹ̀ àti òkèèrè. Àwọn àgbà wà láàárín wọn, wọ́n rìn lóòrùn, wọ́n ṣọ́ òru, àwọn kan gbààwẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá ẹni àìrí sọ̀rọ̀ níwájú ihò náà, ó rọrùn fún àwọn tó yí i ká láti rò pé ìran ló ń rí. Èmi kò ní bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí ìran. Kí wọ́n bi í pé ọjọ́ wo lòní, kí wọ́n fọwọ́ kan awọ ara rẹ̀, kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ ẹni tó bá a wá pé ìgbà wo ló mu omi kẹ́yìn. Àdúrà lè bá a gun ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti àwọn tó máa kọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ babaláwo lọ: babaláwo tó mọṣẹ́ rẹ̀ mọ ìrànrán yàtọ̀ sí wèrè, ó sì yẹ kí ó wà lára àwọn tí nọ́ọ̀sì ìlú ń bá sọ̀rọ̀.

Ká padà sẹ́nu ọ̀nà. Ká ní ìyàwó ilé yìí kò gbà pé arán ni. Ó ti pe zémidjan, ó fi ìyá sáàárín, ó jókòó sẹ́yìn, ó fi aṣọ dè é mọ́ra bí ẹni pọn ọmọ, ọ̀rá oògùn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n dé. Nọ́ọ̀sì ti ń wá ìka tó máa gún.

“Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀?”

“Òru àná. Nígbà tí a jẹun alẹ́ tán, àwọn ló bá mi ṣírò owó gààrí. Igba àti àádọ́ta ni mo ṣì, wọ́n sì ní kí n tún un kà.”

Nọ́ọ̀sì kọ ọ́ sílẹ̀, ó sì gún ìka ìyá.